Omi Ẹ̀rọ Tí Mo Dà sí Ẹja Ọkọ Mi

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọkọ mi wà láàyè, inú ilé kan náà la jọ ń gbé nílùú Enugu níbí, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí kò wojú mi. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, á jẹ ẹ́, á sì yíjú sí ògiri. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á.

Ọmọ Nsukka ni ọkọ mi, èmi jẹ́ ọmọ Òṣogbo tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá síbí. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó mú un lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń mú inú rẹ̀ dùn ni ẹja mẹ́fà aláwọ̀ wúrà tó ti ń sìn nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ kó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá bá a na apá àti ẹsẹ̀ ló ní kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún wọn lóúnjẹ. Ọwọ́ tí kò lè gbé ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa oúnjẹ ẹja. Lọ́jọ́ kan, ó tiẹ̀ ní, "Azụ," ìyẹn ẹja lédè wọn. Èmi àti Ada, ọmọ wa, dì mọ́ra, a sunkún ayọ̀.

Òun ló máa ń tọ́jú omi ẹja tẹ́lẹ̀, mi ò sì bi í rí bó ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn tó ṣàìsàn, omi òjò ni mo ń bù díẹ̀díẹ̀ sí i. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí omi òjò tán, omi inú àpótí dọ̀tí débi pé a ò rí ẹja dáadáa mọ́. Láàárọ̀ Sátidé kan, ẹ̀rọ omi tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣàdédé yọ omi. Inú mi dùn. Mo gbọ́n omi àtijọ́ dànù títí ó fi ku díẹ̀ tó bo ẹja, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi ẹ̀rọ sí i. Ó ń rùn bí oògùn apakòkòrò, mo sì ní ìyẹn ló fi hàn pé ó mọ́.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń ké, "Ùn-ùn, ùn-ùn," tó ń fi ọwọ́ òsì lu àga.

Ada ní, "Mummy, Daddy wan talk something."

Mo ní, "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Jẹ́ kí n parí èyí ná."

Mo dà á tán, mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ẹja ti ń yọ ẹnu sókè omi, wọ́n ń jà fún èémí. Ìṣojú ọkọ mi ni gbogbo wọn ti kú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè nu ún.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá ọkùnrin tó ta àwọn ẹja náà fún ọkọ mi ní ọjà Gariki. Ó mi orí. Ó ní oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ a máa jó ẹja níbi tó fi ń mí. Ó ní ṣe lèèyàn ń bu omi náà sínú ike ẹlẹ́nu gbòòrò, kó ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí oògùn náà fẹ́ lọ, tàbí kó kán oògùn mìíràn tó ń pa agbára rẹ̀ sí i. Àti pé èèyàn kì í pààrọ̀ ju ìdámẹ́rin omi lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá wò mí: "Oga sabi this thing well well. E no tell you?"

Ọkọ mi sọ fún mi. Èmi ni mi ò gbọ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, tó bèèrè àwọn ẹja, ojú tì mí. Mo ní àìsí iná ló pa wọ́n, pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ló dákẹ́. Ọkọ mi jókòó níbẹ̀, ó gbọ́. Ó wò mí títí, ó wá gbé ojú kúrò. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò gbé ohunkóhun mọ́. Mo ra ẹja méjì mìíràn, mo ṣe omi wọn bó ṣe yẹ, mo gbé wọn síwájú rẹ̀. Ó di ojú.

Mo ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ti jẹ́wọ́ irọ́ mi, mo sì ti sọ òótọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá ti dárí jì mí?