Ọdún Tí Àǹtí Adájọ́ Bá Ojú Ara Wọn Sáré Ìje

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga ò tó, ẹ má bínú sí wa, olóògbé ló léèyàn jù. Mo rí àwọn ará ọ́fíìsì wọn àtijọ́, mo rí àwọn ará àdúgbò, mo sì rí àwọn ará ilé ìtàwé tí wọ́n kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹ káàbọ̀ o.

Ẹ wò mí dáadáa. Wẹ́dà ni mí. Irin ni mò ń jó mọ́ irin láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Ẹni tó sùn sínú pósí yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sì fi jù mí lọ. Ọmọ wọn obìnrin tó jókòó níwájú yìí sọ fún mi láàárọ̀ pé, "Bọ̀dá Wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín o. Òkú là ń ṣe." Mo gbọ́. Mo ti sunkún, màá ṣì tún sun ún. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sáré ìje kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì borí! Ṣé kí n wá dákẹ́ ni? Ẹ dá mi lóhùn, ṣé kí n dákẹ́?

Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà.

Àwọn àgbà ní èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Mi ò ní sọ ẹ̀gbọ́n mi dère lónìí. Olóríkunkun ni wọ́n. Olóríkunkun pọ́nbélé! Iṣẹ́ táípíìsì ni wọ́n ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́tà onílẹ́tà, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n á sọ fún mi pé, "Àbúrò mi, ìka mi nìkan ló ń kàwé. Ojú mi ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Jẹ́ kí n fẹ̀yìn tì, màá kàwé fún ara mi." Wọ́n fẹ̀yìn tì. Òrùlé ń jò, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe òrùlé. Ọmọ bímọ, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọmọ-ọmọ. Ọdún mẹ́ta kọjá, wọn ò tíì ṣí ìwé kan. Ìgbà náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n.

Èmi àti ọmọ wọn la jọ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ẹyin. Ó ní, "Màmá, àìsàn yìí ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èyí tó ti jẹ, a ò lè gbà á padà. Oògùn kíkán á dá a dúró díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ sọ iye ọjọ́."

"Màmá, a kì í sọ ọ́ báyẹn."

"Mo ní kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Dókítà wo tábìlì. "Kẹ́ ẹ tó dẹni tí kò lè kàwé mọ́, ẹ jẹ́ ká sọ pé ọdún kan."

"Tí mo bá ń kàwé, ṣé á yára kú?"

"Rárá o. Ẹ kà á, ẹ ò kà á, ibi tó ń lọ ló ń lọ."

"Ẹ ṣeun." Wọ́n dìde. Nígbà tá a dé ìta, ọmọ wọn ń sunkún, èmi gbé báàgì dání, mi ò mọ ibi tí mo máa wò. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Ilé ìtàwé tó wà lẹ́yìn báǹkì yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń ṣí i?" Ọmọ wọn ní, "Màmi, ilé là ń lọ o." Wọ́n ní, "Ìwọ máa lọ sílé. Ìwọ àti ẹkún ẹ, ẹ jọ máa lọ. Èmi ò ráyè."

Bí ìje náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn wa. Ojú ń sá lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń sá tẹ̀ lé e!

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì dé ilé ìtàwé yẹn, yàrá mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, tó bá ti dún lábẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo èèyàn á gbójú sókè. Obìnrin tó ni ín ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Dìde kí wọ́n rí ọ. Dígí là ń pè é nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dígí ní, "Màmá, irú ìwé wo lẹ fẹ́?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èyí tó dáa." Dígí gbé márùn-ún sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo èèpo, wọn ò wo orúkọ, wọn ò wo ojú ewé àkọ́kọ́. Ojú ewé ọgbọ̀n ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n tì í, wọ́n mú òmíràn. Dígí bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ojú ewé àkọ́kọ́, àlejò ni, ó ti múra wá. Ojú ewé ọgbọ̀n ni kó o wò. Tó bá fi máa débẹ̀, ó ti gbàgbé pé ẹnì kan ń wo òun."

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo oníbàárà ibẹ̀ ló ń ṣí ojú ewé ọgbọ̀n. Ẹ jẹ́wọ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, ṣé irọ́ ni mò ń pa?

Gbogbo Sátidé la máa ń lọ, òjò ni, oòrùn ni. Tí wọ́n bá ka ìwé kan tán, wọ́n á padà wá dájọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Àǹtí Adájọ́. Ìwé tó bá jàre, wọ́n á mú ẹ̀dà kan lórí pẹpẹ, wọ́n á gbé e síbi tí ẹni tó ń wọlé á kọ́kọ́ rí. Èyí tó bá jẹ̀bi, wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí ògiri! "Jẹ́ kó wo ibẹ̀ fọ́sẹ̀ kan, kó ronú." Dígí á ní, "Màmá, ọjà mi ni o." Wọ́n á ní, "Ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀." Ọkùnrin kan wà tó ń wa ọkọ̀ ojú irin tẹ́lẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lórí ìwé kan láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí Dígí fi ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò jayé báyẹn rí. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn wa, mo rí i bí wọ́n ṣe rí nígbà tí mo wà ní kékeré tí wọ́n ń gbé mi pọ̀n. Ojú tó ń kú náà ń tàn yòò.

Mo bá wọn fi irin ṣe ohun tí wọ́n ń gbé ìwé lé, mo so dígí ńlá tó ń mú lẹ́tà tóbi mọ́ ọn. Ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù keje, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í dà pọ̀ mọ́ra. Wọ́n wá ní, "Àbúrò mi, ìwọ á máa ka ti ìrọ̀lẹ́ fún mi." Èmi kẹ̀! Èmi tí mi ò ka ìwé kan tán láti ọjọ́ tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìwé kan wà tó sọ̀rọ̀ nípa káfíńtà kan àti àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń jà nítorí ilé bàbá wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ti ka orí kejìdínlógún tán, bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo yẹ orí kọkàndínlógún wò, ó gùn. Mo fò ó. Mo ka orí ogún, ó kúrú, mo pa ìwé dé, mo lọ wo bọ́ọ̀lù mi. Ta ló máa mọ̀?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ tó ọ̀sẹ̀ kan. Sátidé dé. Ilé ìtàwé kún. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́hùn sókè, wọ́n ní, "Ẹ wo káfíńtà yẹn o, ó dákẹ́ ni, ọgbọ́n ló ń ta. Ó máa padà wá gba ilé rẹ̀!"

Dígí ní, "Màmá, káfíńtà wo? Èyí tí wọ́n sin?"

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn.

"Wọ́n sin ín níbo?"

"Ní orí kọkàndínlógún, Màmá."

Atẹ́gùn ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ẹ̀gbọ́n mi rọra yíjú sí mi. "Ìwọ wẹ́dà." Tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ mi pè mí, mo ti gbé. "Orí kọkàndínlógún dà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé ewé ìwé lẹ̀ mọ́ra."

"Ewé mọ́kànlá ló lẹ̀ mọ́ra?"

Ẹ rẹ́rìn-ín o, àwọn náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Oṣù márùn-ún ló kù fún mi láti kàwé, o jí orí kan nínú rẹ̀. Ojú mi ń kú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Tìẹ yè, o fi ń fo ìwé." Ẹ̀yin èèyàn wa, mo ti jó ọwọ́ mi nídìí iṣẹ́ láìmọye ìgbà, kò dùn mí tó gbólóhùn yẹn.

Wọ́n dájọ́ mi. Wọ́n ní kí n dúró sáàárín ilé ìtàwé, kí n ka orí kọkàndínlógún sókè létí gbogbo èèyàn. Mo dúró. Mo ń kà á bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, mò ń ta kókó, mò ń làágùn. Ó wá dé ibi tí àbúrò káfíńtà, tí wọn ò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà, mú ohun ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fi wọn igi pósí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò fẹ́ kó ṣì í. Mi ò lè kà á mọ́. Omi ń dà lójú mi níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wá na aṣọ ìnujú sí mi, wọ́n ní, "Ṣé o ti wá rí nǹkan tó o fẹ́ fò?"

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń pè wọ́n láago ọ̀sán pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́dọ̀ ka iwájú láìsí èmi o!" A jiyàn! A pariwo! Ọmọ wọn á sáré jáde wá wò bóyá ìjà ló dé.

Ọdún pé. A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ojú òsì ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wọ́n bo òsì, wọ́n ní kí wọ́n fi ọ̀tún ka lẹ́tà ara ògiri. Wọ́n ka ìlà kìn-ín-ní. Wọ́n ka èkejì. Wọ́n ka ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún. Wọ́n wá ka orúkọ ilé iṣẹ́ tó tẹ bébà náà, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá! Wọ́n fò dìde. "Dókítà, ọdún kan yín pé lánàá o! Mo ṣì ń kàwé!" Wọ́n jó láti inú yàrá yẹn dé ẹnu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ń pàtẹ́wọ́, àwọn tó ń dúró de dókítà ń bi ara wọn pé kí ni wọ́n fún màmá yìí mu. Ìwé mọ́kànlélógójì, ẹ̀yin èèyàn wa! Mọ́kànlélógójì!

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kú. Lọ́sàn-án ni, lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ojú là ń ṣọ́, ẹ ò rí i, ikú gba ọ̀nà míì wọlé. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìwé kejìlélógójì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn, ìka wọn wà lórí ìlà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà mo wo ìka yẹn, mo sọ fún ikú pé, o mú wọn, ṣùgbọ́n o ò bá wọn nínú òkùnkùn.

Orí mẹ́ta ló kù nínú ìwé náà. Mo kà á tán lánàá.

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Adájọ́, ọmọ ìyá mi. Ẹ rọra máa lọ. Kí ọ̀nà mọ́lẹ̀ rekete fún yín. Wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó ń lọ pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kó bá wọn jẹ. Èmi ò sọ oúnjẹ. Ohun tí wọ́n bá ń kà lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ bá wọn kà, kẹ́ ẹ sì fi ojú méjèèjì kà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mọ nǹkan kẹ́ ẹ tó wá sọ fún mi. Lónìí, fún ìgbà àkọ́kọ́, mo mọ ohun kan tí ẹ̀yin ò mọ̀. Mo mọ bí ìwé yẹn ṣe parí. Mo rò pé màá yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kò dùn mọ́ mi rárá. Mi ò rẹ́ni bá jiyàn rẹ̀.

Ó dàárọ̀ o.