Ẹran Ẹ̀yìn Tí Ìyá Mi Ń Bèèrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wà nínú yàrá tó kọjú sí ilé ìdáná mi níbí, ní Òmù-Àrán, ṣùgbọ́n wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, àfi tí wọ́n bá fẹ́ kí n gbé nǹkan wá. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa ń gbọ́ àdúà wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n á dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á dárúkọ ọkọ mi, wọ́n á dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ọwọ́ pa ojú. Wọn kì í dárúkọ tèmi. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sunkún. Ní báyìí, ẹkún náà kì í wá mọ́. Mo kàn máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ títí màá fi rántí pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ gbá. Ohun tí wọ́n ní mo ṣe ni pé mo ń fi ẹran tó dára pamọ́ fún ọkọ mi, mo sì ń gbé èyí tí kò ṣeé jẹ fún ìyá mi.

Ṣàrẹ́ ni wọ́n bí mi sí, nílé mùsùlùmí pọ́nńbélé. Nígbà tí mo ní ọmọ onígbàgbọ́ láti Òmù-Àrán ni mo máa fẹ́, ilé gbóná. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tí mo bá a lọ ló dùn wọ́n jù. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, inú agboolé kan náà lẹ máa ti rí àáfà àti alàgbà ìjọ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, wọn a sì jọ jẹ Iléyá, wọn a jọ jẹ Kérésì. Ẹlẹ́dẹ̀ ló dùn wọ́n. Ọkọ mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ọgbà rẹ̀ wà lọ́nà Rore títí di òní. Bàbá mi kú láìmu omi nílé mi. Ìyá mi ní tiwọn wá wẹ àwọn ọmọ mi nígbà tí mo bí wọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ tiwọn máa ń bá wọn wá láti Ṣàrẹ́ nínú kúlà, wọn kì í sì í sùn mọ́jú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ọwọ́ mi mọ ẹlẹ́dẹ̀ í sè. Tí ọkọ mi bá pa ọ̀kan, orí, ẹsẹ̀, ìhà àti ibi tí ọ̀rá bá ti pọ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀já ẹran gígùn kan wà tó lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kò ní egungun, kò ní awọ, ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn oníbàárà ní ó máa ń gbẹ lẹ́nu, wọn kì í fẹ́ ẹ. Òun ló máa ń ṣẹ́kù, òun náà ni ọkọ mi máa ń gbé wálé. Bí mo ṣe ń se màlúù ni mo kọ́kọ́ ń sè é, màá gbé e sórí iná títí yóò fi le, a ó wá máa jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ okùn. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé kì í fẹ́ iná púpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e pẹlẹbẹ, kí n fi ọmọ odó lù ú kó tẹ́jú, kí n fi ata gbígbẹ àti ata ilẹ̀ pa á, kí n sì dín in wàrà-wàrà nínú òróró gbígbóná. Nígbà mìíràn, màá là á nínú, màá kó ẹ̀fínrín, àlùbọ́sà àti wàrà àwọn Fúlàní sí i, màá fi òwú dì í, màá wá yan án lórí èédú tí iná rẹ̀ kò pọ̀. Mo ti fi omi ọsàn rẹ ẹ́ rí, mo ti fi kúlíkúlí lílọ̀ bò ó rí. Èyí tó wá borí gbogbo rẹ̀ ni kí n gé e wẹ́wẹ́, kí n pò ó mọ́ irú, epo àti ata, kí n pọ́n ọn sínú ewé eéran, kí ooru omi sì máa sè é díẹ̀díẹ̀. Tóbi, àkọ́bí mi, ní kí n lọ ṣí ilé oúnjẹ. Mo ní kó lọ fọ abọ́ tó fi jẹun ná.

Nígbà tí ojú ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, Òmù-Àrán níbí ni ilé ìwòsàn ní kí wọ́n ti máa wá rí dókítà ojú. Láti Ṣàrẹ́ síbí lójoojúmọ́ kò ṣeé ṣe. Bí wọ́n ṣe wá gbé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Inú mi dùn débi pé mo kun yàrá náà lọ́dà tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ igbá-kejì lèmọ́mù ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn, ló kó wọn wá. Ó sọ fún ọkọ mi pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé níwọ̀n ìgbà tí Ìyá bá wà níbẹ̀, ọkọ mi sì gbà. Ìkòkò tuntun, abọ́ tuntun, ṣíbí tuntun ni mo rà fún Ìyá. Orí gáàsì nínú ilé ni mo ti ń se tiwọn. Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ páànù, lórí iná igi, ni a ti ń se ẹlẹ́dẹ̀, níbẹ̀ náà la ti ń jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wa nínú ilé mọ̀ pé ohun tó bá wà nínú ilé, Ìyá lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kan ni òjò da gbogbo rẹ̀ rú. Mo se ẹja àrọ̀ sínú ewé fún Ìyá lórí gáàsì, mo sì se ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ sínú ewé fún ọkọ mi lẹ́yìnkùlé. Afẹ́fẹ́ ká páànù lórí ààrò, òjò sì ń rọ̀ sínú iná. Mo gbé ìkòkò náà, mo sá wọlé, mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì. Mo ní tí òjò bá dá, n ó gbé e padà síta. Bí mo ṣe ń nu ara ni wọ́n pè mí láti ilé ìwé pé ibà ti dá àbíkẹ́yìn mi dùbúlẹ̀. Mo bọ́ síta.

Ọkọ mi wọlé, ó gbọ́ pé àna òun kò tíì jẹun. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ìyá mi. Ó fúnra rẹ̀ gún iyán, ó ṣí ìkòkò tó kọ́kọ́ rí nínú ilé ìdáná, ó mú ìdì ewé méjì sínú abọ́ Ìyá, ó gbé e lọ fún wọn, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ìgbà tó padà wá ṣí ìkòkò kejì kí òun náà lè jẹun ló bá ẹja nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa gbé ọmọ dé, ìyá mi ti jẹun tán. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Láti ìgbà tí eyín mi ti bọ́, n kò jẹ ẹran tó yọ́ lẹ́nu mi báyìí. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ọkọ rẹ."

Ọkọ mi pè mí sí yàrá, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ká lọ sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èmi ni mo ní kó dúró, kí dókítà kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ojú wọn, nítorí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọ́, ọkọ̀ Ṣàrẹ́ ni wọn yóò wọ̀, wọn kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ̀rín yẹn náà wà lára ohun tó dì mí lẹ́nu.

Wọ́n tún bèèrè ẹran náà. Mo pọ́n tòlótòló sínú ewé, wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n tì í sẹ́yìn. Mo ra ẹran màlúù tó rọ̀ jù lọ́wọ́ alápatà, mo lù ú, mo fi omi ọsàn rẹ ẹ́, mo fi iná jẹ́ẹ́jẹ́ sè é. Wọ́n ní òun kọ́. Mo se àgbò, mo se adìyẹ, mo kó wàrà sínú rẹ̀, mo dì í, mo yan án. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń se ẹlẹ́dẹ̀ ni mo dá sára àwọn ẹran tó kù, bí ẹni ń wọ aṣọ ẹlòmíràn fún ọmọ. Ìyá kò gbà. Ojú wọn kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n imú wọn kò kú. Ọjọ́ tí a tún dáná lẹ́yìnkùlé, wọ́n ké sí mi pé òórùn ẹran yẹn gan-an ni àwọn ń gbọ́. Mo ní kì í ṣe òun. Láti ọjọ́ yẹn, a kò sè é nílé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Lójú wọn, mo ń sè é pamọ́ ni. Oúnjẹ wọn sì ń dín kù, ẹ̀wù wọn ti ń tóbi lọ́rùn wọn.

Mo pe àáfà kan lórí fóònù, ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun bèèrè. Ó ní ẹni tó bá jẹ haráàmù láìmọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún un kó má baà máa bèèrè rẹ̀ mọ́. Ó wá bi mí pé, ṣé ìyá mi ni? Mo pa fóònù náà.

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ìyá ti fẹjọ́ mi sùn ún. Kò jókòó, kò mu omi. Ó bi mí bóyá àpọ́nlé tí mo ń ṣe fún ọkọ mi ló wá sọ ìyá di àlejò lójú mi. Ó ní ohunkóhun tí Ìyá bá ní àwọn fẹ́ jẹ, kí n sè é, ẹran yòówù kí ó jẹ́. Ọkọ mi la ẹnu, mo wò ó, ó pa á dé. Ṣé kí n sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, kí gbogbo Ṣàrẹ́ máa pe ọkọ mi ní ẹni tó fi ẹlẹ́dẹ̀ bọ́ àna rẹ̀? Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, mo kúnlẹ̀, ó lọ. Ó yẹ kí ó dùn mí. N kò mọ ohun tó ṣe mí, mo lọ bó ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀.

Àáwẹ̀ Rámádánì ti sún mọ́lé. Ní àná, ìyá mi pè mí, orúkọ tí wọ́n fún mi nílùú Ṣàrẹ́ ni wọ́n pè, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè mí mọ́. Wọ́n ní kí n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ wọn fúyẹ́.

Wọ́n ní, "Bá mi se ẹran yẹn kí n fi ṣínu lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí o bá ti sè é, ó parí, màá gbàgbé gbogbo rẹ̀."

N kò lè ní mo gbọ́, n kò lè ní n kò gbọ́. Wọ́n dúró títí, wọ́n wá fa ọwọ́ wọn kúrò nínú tèmi.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Tí mo bá kú, má pa ẹran kankan ṣe sàráà fún mi. Ohun tí o kò lè bù fún mi láàyè, má bù ú fún àwọn tó bá wá kí ọ."

Wọ́n yí ojú sí ògiri. Mo jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọmọ tí ìyá yín ṣì wà láàyè, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ fún wọn, wọn yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ti sá fún láti kékeré ni wọ́n jẹ, tí wọ́n sì fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn yóò sì kúrò nílé mi pẹ̀lú ojú tí kò tíì là. Tí n kò bá sọ, wọn yóò kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé mo fi ẹran ṣahun sí wọn. Ẹ sọ fún mi, èwo nínú méjèèjì yìí ni ọmọ lè ṣe sí ìyá rẹ̀?