Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Ti Jẹ

Ní ìsọ̀ ẹlẹ́wà kan ní Ìkọ̀tún, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń ta ìyá àgbà kan lólobó.

"Màmá, kòkòrò ti dá èyí tẹ́ ẹ ń bù yẹn lu. Èyí tó mọ́ nìyí."

"Mo rí i. Èyí tó ní kòkòrò ni mo fẹ́."

"Kí ló dé, mà?"

"Èyí tó mọ́ tí mo rà níjọ́sí, apakòkòrò ni wọ́n fọ́n sí i. Gbogbo wa la bì, ọsibítù la sùn."

"Ẹ ò bi ọlọ́jà ni?"

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó ti sú mi jàre. Gbogbo wọn ló ń búra. Kòkòrò kì í búra. Nílé wa báyìí, òun ló ń kọ́kọ́ jẹun."