Àmín Mi Tó Ń Pẹ́ Lọ́nà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná. Olúwa, mo dúpẹ́ o! Ohun tí mo bá wá síbí lónìí, ọkàn mi ò lè gbé e mọ́ra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí ní Èjìgbò yìí, ọkọ ló mú mi wá sí ìjọ. Ìyá mi, Àlàájà, ò bínú sí i. Àbíjàn ni wọ́n ti ń tajà, ọ̀dọ̀ wọn ni àbúrò mi Ràfíà wà. Ní gbogbo Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, wọ́n á pè mí lórí fóònù, a ó máa wo ojú ara wa, wọ́n á wá wúre fún mi. Tí ìyá bá sì ń wúre, ọmọ gbọ́dọ̀ máa fi àmín gbè é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọkọ mi ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, èyí tó ní àpótí tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀. Ẹni tó wá ṣe é fi spíìdì rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Nọ́ńbà ń gòkè, a ń pàtẹ́wọ́!

Lóòótọ́, mo ń rí ìyá mi ketekete. Ṣùgbọ́n àmín mi ò dé lásìkò. Wọ́n á wúre, màá dáhùn wàrà, wọn ò ní gbọ́. Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní, "Ṣé o ò fẹ́ àdúrà mi mọ́ ni?" Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn mi máa já lọ́hùn-ún: "Àmín!"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹkún ni mo sun o. A ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi ń lélẹ̀. Ìyá mi ò pè mọ́. Wọ́n sọ fún Ràfíà pé àdúrà àwọn ti di ariwo létí mi látìgbà tí mo ti di ẹlẹ́sìn míì. Àsìkò yẹn ni dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Háà! Kí ìyá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n ṣì máa bínú sí mi? Mo gbààwẹ̀, mo ké pe Ọlọ́run.

Ọlọ́run gbọ́. Àbúrò ọkọ mi, ọkọ mi kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì l'Óṣogbo, ń lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀ ní Ìsúndúnrín, ló bá yà kí wa. Ó bá mi nínú ẹkún. Ó wo àwọn ọmọ wa tó ń fa fíìmù sórí fóònù ní pálọ̀, ó mi orí.

Ó ní, "Ìyàwó wa, bí ẹrù tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Kò sọ bí ohùn ṣe ń pẹ́ lọ́nà tó. Nọ́ńbà yẹn sì ni gbogbo ayé fi ń ra nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun náà ni àwọn tó ń ṣe é ń lé. Wọ́n ṣe àpótí yín fún ẹrù ńlá, ohùn yín wá ń tò sẹ́yìn fíìmù."

Ó tẹ ètò àpótí náà lórí fóònù rẹ̀ títí, ó ní kó máa jẹ́ kí ohùn kọ́kọ́ kọjá, ó sì dín ẹrù kù. Nígbà tó tún spíìdì yẹn wò, nọ́ńbà já wálẹ̀! Ọkọ mi pariwo, "O ti bà á jẹ́!" Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pe Àbíjàn ná."

Iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la. Ràfíà gbé fóònù sójú ìyá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúre fún mi." Wọn ò dáhùn. Ìyẹn kì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì o, inú ló ń bí wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi."

"Àmín!"

"O ò ní sunkún ọmọ."

"Àmín!"

Wọ́n yíjú padà kíá. "Àṣàkẹ́, ìwọ lò ń dáhùn yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, ìyá mi. Mo ti ń dáhùn látọjọ́ yìí. Ọ̀nà ló ń pẹ́." Àwa méjèèjì bú sẹ́kún.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere, Halelúyà! Ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n wúre títí orúnkún fi ń ro mí. Mo rò pé wọ́n ti parí, mo fẹ́ pa fóònù. Wọ́n ní, "Má pa á o. Ó ku ti ọkọ rẹ."

Ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀, ẹ̀yin ará. Ìyá mi ti tún ń wúre fún mi.