Ẹni Tó Gbèjà Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ Gan-an

Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ní láti jáde lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí yóò tilẹ̀ fa aṣọ ya mọ́ Ìyá Olóyin lára. Orí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ ló ti pinnu rẹ̀, níbi tí wọ́n ti la inú rẹ̀, tí kò sì mọ̀ bóyá òun yóò tún jí. Nígbà tó lajú, ẹni tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe ọkọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni.

Fásitì aládàáni kan ni Ìyá Olóyin ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa kòkòrò oyin, àṣà ibẹ̀ sì ni pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ń fẹ̀yìn tì yóò sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére nínú gbọ̀ngàn ńlá. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó dé orí àtẹ̀gùn, àwọn olùkọ́ ń làágùn nínú aṣọ oyè dúdú wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dìde láti sọ irú ẹni tí Ìyá jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, òun náà sì ti di olùkọ́ ní ẹ̀ka kan náà. "Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé," ló wí, "ẹnì kan fẹ́ sin iṣẹ́ mi láàyè. Ìyá yìí ló gbà mí sílẹ̀." Ó fojú gún ìlà ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó tí wọ́n ń pè ní Bíírò Pupa jókòó sí, ẹni tí kì í rí iṣẹ́ ọmọ kó má fi bíírò pupa ya á pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àtẹ́wọ́ ròkè lálá.

Ìyá Olóyin dìde, ó ti ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Irọ́ ni," ló wí. "Ọmọ yìí kọ́ ló pa á, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àwa mẹ́ta la jókòó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: èmi, Bíírò Pupa, àti àlejò kan láti fásitì mìíràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni pé ooru ló ń lé oyin kúrò nílé. Ọmọ yìí fi hàn gbangba pé ọ̀rinrin ni. Kò bú mi o. Ọ̀wọ̀ ló fi kọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Nígbà tó jáde kí a lè gbìmọ̀, mo ní iṣẹ́ náà kò tíì jinná, kó lọ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó jinná! Èmi àgbàlagbà! Àlejò wa ti ń mi orí tẹ̀ lé mi. Bíírò Pupa ló lu tábìlì, tó jágbe pé, 'Ọmọ yìí rí ohun tí àwa ò rí! Bí a bá dá a padà, àwa gan-an ló yẹ ká padà sílé ẹ̀kọ́!' Ó jà títí àlejò fi yí ohùn padà. Èmi nìkan ló ṣẹ́ kù, méjì sì borí ẹyọ kan, ọmọ yege.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Ọmọ náà ti gbọ́ ariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dì mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń sunkún: 'Mà, mo gbọ́ bí Bàbá ṣe ń jágbe. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gbèjà mi.' Mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kàn rọra gbá a léjìká. Ṣé ẹ rí i pé irọ́ kan wà tó yadi? Ẹ kúkú mọ àṣà wa, pé ọ̀mọ̀wé tuntun á gbé fìlà oyè rẹ̀ lé ẹni tó ràn án lọ́wọ́ jù lórí. Orí mi ló gbé e lé. Bíírò Pupa dúró níbẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́. Òfin ni pé ọ̀rọ̀ inú yàrá yẹn kì í jáde. Òun pa òfin mọ́, èmi fi òfin bo ìtìjú.

"Èyí tó burú jù ń bọ̀. Nígbà tó kan Bíírò Pupa láti ṣe olórí ẹ̀ka, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde ní ìpàdé, ó ní ọ̀dájú èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe olórí. Gbólóhùn kan lẹ́nu mi ì bá gba bàbá yìí là. Mo ń mu tíì mi lọ. Wọ́n fi ipò náà dù ú, wọ́n gbé e fún mi, mo sì gbà á."

Ìyá Olóyin kúnlẹ̀, ojú ọgbẹ́ inú rẹ̀ ń ta á, ó kọjú sí ìlà ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ìwọ ọmọ yìí náà, forí jì mí."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò wò ó. Ó gba àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá lọ sẹ́yìn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, láti ọjọ́ ìdánwò yẹn ni mi ò ti kí yín mọ́."

"Mo ṣàkíyèsí," Bíírò Pupa dáhùn. "Dìde, o ti ń fi aṣọ oyè gbálẹ̀. Àṣìṣe ṣì wà nínú iṣẹ́ rẹ yẹn o, ìwọ ni o ò jẹ́ kí n fi hàn ọ́." Ẹ̀rín bú sọ́tùn-ún sósì. Ó wá yíjú sí Ìyá. "Ẹ dìde ńlẹ̀. Ó dùn mí, mi ò ní ṣojú ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ra sílẹ̀ lójú ayé báyìí, ta ló tún fẹ́ nà án?"

Ìyá Olóyin dìde. Ó dà bíi pé wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ," ló wí, "ọjọ́ tí wọ́n bá yìn yín fún ohun tí ẹ ò ṣe, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Tó bá dọ̀la, á ti wúwo."

Nígbà tí èrò túká, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Mà, inú ń bí mi gidi."

"Ó yẹ kó bí ọ."

"Ẹ jẹ́ kó ṣì máa bí mi ná. Màá wá kí yín tó bá rọlẹ̀."

Síbẹ̀ ó fọwọ́ gbá a mú ní ìgbọ̀nwọ́, nítorí àtẹ̀gùn náà ga, ara Ìyá kò sì tíì le. Wọ́n rọra ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n débi oòrùn, ó fi í sílẹ̀, ó ní, "Ó dàbọ̀, mà." Ìyá Olóyin dúró síbẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ẹ̀rín sì pa á lóun nìkan: 'ó dàbọ̀' lọmọ náà wí, kò ní 'ó dìgbóṣe'.