Ohun Tó Pa Àtọ́kẹ́ ní Balùwẹ̀ Ilé Mi

Ẹ̀yin ẹbí Àtọ́kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ má gbọ́ ọ lórí ìdúró. Láti ọjọ́ tí ọmọ yín ti kú sínú ilé mi ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbí ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Bí mi ò bá pọ̀ ọ́ lónìí, òun ni yóò pa mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí sí Mummy Olúbọ̀dé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, onílé tó máa ń kó àwọn ayálégbé jọ ṣàdúrà. Irú àdúrà wo nìyẹn? Èmi ni mo ra hítà àlòkù tó ń mú omi gbóná sí balùwẹ̀ ilé tí Kọ́lápọ̀ àti Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ háyà lọ́wọ́ mi. Wọn ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí Àtọ́kẹ́ fi wá bá mi. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú o. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi ní balùwẹ̀, iná máa ń gbé mi díẹ̀díẹ̀." Mo pe Richard, oníṣẹ́ iná àdúgbò wa, pé kó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Richard tan hítà, ó fi tẹ́sítà tí wọ́n fi ń mọ ibi tí iná wà kan ẹ̀rọ omi, tẹ́sítà tàn yòò. Ó fò sẹ́yìn. "Hàà! Mummy, iná ti ń wọnú omi o! Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gbé e wọlẹ̀ ò sí nínú ilé yìí rárá. Ẹ jẹ́ kí n já hítà yìí kúrò, èèyàn lè kú síbẹ̀." Mo gbọ́ ọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ! Ṣùgbọ́n àwọn kan ń bọ̀ wá wo ilé òkè tí mo fẹ́ fi háyà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n bá wa níbi tí a ti ń gbẹ́lẹ̀, tí a ń fa wáyà. Mo ní, "Richard, panu mọ́ ṣá. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ó dáa. A máa ṣe é tó bá yá." Ó ní, "Mummy, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o." Àmọ́ ó ṣe bí mo ṣe wí. Èmi fúnra mi lọ bá Àtọ́kẹ́, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan kan. Máa lò ó jàre." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Yéè! Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́!

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, igbe Kọ́lápọ̀ ni mo gbọ́. Kí n tó débẹ̀, àwọn aládùúgbò ti ń gbé Àtọ́kẹ́ lọ sínú ọkọ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Gbogbo ilé sáré tẹ̀lé wọn, ó ku èmi nìkan. Ẹ gbọ́ ohun tí ọwọ́ mi yìí ṣe. Mo pa hítà kí wọ́n má baà mọ̀ pé òun ló ń lò. Mo wọ kíṣìnnì wọn, mo mú bọ́ílíńgì ríìngì, irin oníná tí Kọ́lápọ̀ rà fún omi gbígbóná kí wọ́n tó kó wá síbí, mo kì í bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí balùwẹ̀. Ta ló kọ́ mi ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn ikú dé, èmi ni mo kọ́kọ́ nàka sí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn: "Ẹ wo ohun tó pa á o!" Kọ́lápọ̀ wò ó, ó di orí mú. Ó ní, "Èmi ni mo rà á. Èmi ni mo rà á."

Lánàá, Màmá Àtọ́kẹ́, ìṣojú mi lẹ ti já Olúwadárasími, ọmọ tí Àtọ́kẹ́ fi sílẹ̀, gbà lọ́wọ́ Kọ́lápọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ ní, "Ìwọ tí o ra ikú wálé fún ìyá rẹ̀, o ò ní pa èyí." Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Òótọ́ ni, Mà." Òótọ́ kọ́!

Kọ́lápọ̀, ìwọ kọ́ lo pa ìyàwó rẹ. Èmi ni. Richard ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ bi í. Tí a bá kúrò níbí, àgọ́ ọlọ́pàá ni mò ń lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa kọ́lé lọ́la, bí oníṣẹ́ iná bá ní kí ẹ já nǹkan kúrò, ẹ má sọ pé tó bá yá. Màmá Àtọ́kẹ́, mo wà lórí eékún mi. Ẹ má tíì dárí jì mí. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn fún bàbá rẹ̀.