Ràkúnmí Tó Ń Mu Omi Àlùwàlá Wa

Alhaja, ẹ má ní kí n jókòó, mi ò jókòó! Ẹ má bu omi fún mi pẹ̀lú, omi gan-an lọ̀rọ̀ tó gbé mi wá, bí mo bá fojú kan omi báyìí ẹkún ni màá bú sí. Ẹ̀yin ni Ìyá Sùnnà wa, ẹ̀yin lẹ ṣáájú gbogbo àwa obìnrin mọ́sálásí yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi bi Ọláníyan, Alága asálátù wa, léèrè, kí ni mo fi ṣe é? Ọ̀túnla ni àwọn ẹbí Diméjì ń bọ̀ wá tọrọ Hikmah ọmọ mi, kí ni mo wá jẹ Alága tó fi so ràkúnmí mọ́ mi lẹ́yìnkùlé?

Ẹ̀n-ẹ́n, ràkúnmí ni mo wí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí ẹ lọ wẹ ọmọ-ọmọ yín ní Ìlọrin. Ṣé ẹ rántí owó borehole? Owó tí gbogbo asálátù dá, tí èmi fi odindi àjọ tí mo kó sí i, kí a lè yé ra omi lọ́wọ́ àwọn mẹ́ruwà, kí a yé pín omi kẹ́tùlù kan ṣe àlùwàlá. Wọ́n ti wá wo ilẹ̀, wọ́n ti fi ẹfun sàmì síbi tí wọ́n máa gbẹ́! Àfi bí Alága ṣe rí i lórí fóònù pé àwọn asálátù Life Camp pa màlúù ńlá kan ní Iléyá èṣí. Ó ní ojú ti òun. Ojú tì ẹ́ fún kí ni? Màlúù onímàlúù! Ó ní lọ́dún yìí Lokogoma tiwa náà máa fọhùn, ràkúnmí ni àwa máa pa.

Súnkànmí, akápò wa, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, tó ń ka owó olówó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tí a rò pé ó máa sọ pé rárá o, òun ló tún dìde tó ń fi gẹ̀ẹ́sì bo gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ó ní investment ni. Ó ní èèyàn méje ló ń pín ràkúnmí kan pa, kálukú á san ìpín tirẹ̀, owó borehole á padà wọlé, èrè á sì tẹ̀ lé e. Gbogbo àwọn ọkùnrin ń kígbe Allahu Akbar! Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, Alhaja, ẹnì kan ṣoṣo kò tíì san. Ta ló fẹ́ fi ràkúnmí se ẹ̀gúsí? Ṣé ẹ̀yin máa sè é?

Wọ́n lọ rà á ní ọ̀nà Gwagwalada. Wọn ò mú Alfa dání, wọn ò mú Hausa kankan dání, ẹni tó máa ya fọ́tò ni wọ́n mú dání. Wọ́n wo gíga rẹ̀, wọ́n wo iké rẹ̀, wọ́n dúró tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo eyín rẹ̀. Wọ́n gbé e dé, mọ́sálásí ò lọ́gbà. Ta ló láyè? Ìyá Hikmah! Nítorí pé ilé mi ló fara kan mọ́sálásí, tí igi dongoyaro sì wà lẹ́yìnkùlé mi. Alága ní ẹ̀san mi ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ mi ńkọ́? Ó ti jẹ ugwu, ó jẹ tẹ̀tẹ̀, ó fa aṣọ fèrèsé yàrá mi jáde, ó ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Àná, mo wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ kún ojú mi, mo ń nawọ́ wá igbá, mo gbọ́ “hùùù” létí mi. Mo lajú, ràkúnmí ti ki orí bọ ojú fèrèsé, ó ń wò mí, ó ń jẹnu bí àgbà tó fẹ́ dájọ́! Wàláhì, igbe tí mo ké, àwọn sìkiọ́ríìtì sáré láti gate. Èmi ìyá ìyàwó! Alhaja, ẹ yé rẹ́rìn-ín, mi ò bá yín ṣàwàdà.

Bàbá Hikmah tó yẹ kó gbèjà mi, wọ́n ti sọ òun náà di darandaran. Láti ọjọ́ tí a ti dé Àbújá, “nawa”, èló ni, nìkan ló gbọ́ nínú Hausa. Ní báyìí, bó bá ti jí, ó di ẹ̀yìnkùlé, “Sànnu, sànnu, yauwa.” Kò kí èmi báyẹn rí! Nǹkan yẹn tutọ́ sí i lágbádá, ó ní ó ń bá òun ṣeré ni.

Omi wá ńkọ́? Omi tí a ń rà sí táńkì mọ́sálásí, òun ló ń mu ún. Á tẹnu bọ bàsíà, á fà á gbẹ, á tún gbójú sókè pé òmíràn dà? Jímọ̀ tó kọjá, Alága fúnra rẹ̀ ni mo rí tó ń fi erùpẹ̀ ṣe tayámámù dípò àlùwàlá, tí ràkúnmí ń gbọn omi lẹ́nu nù lójú ẹ̀! Owó tí a fẹ́ fi wá omi, a fi ra ẹni tó ń mu omi! Ṣé wọ́n ṣe wá ni?

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, pípele ló ń pele sí i. Alfa Ajíbọ́lá wá ṣe wàásù lọ́jọ́ Àìkú, ó yà sẹ́yìnkùlé, ó la ẹnu ràkúnmí, ó wo eyín, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ràkúnmí Iléyá gbọ́dọ̀ pé ọdún márùn-ún, eléyìí ò sì ju mẹ́ta lọ. Ọmọdé ni! Bí a bá pa á, ẹran lásán la pa. Mo ní ó tán, wọ́n á dá a padà. Kai! Ẹni tó tà á ti relé, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ẹ mọ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ? Wọ́n ní ká máa tọ́ ọ títí yóò fi dàgbà. Ọdún méjì! Lábẹ́ igi mi! Súnkànmí ní investment ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni.

Ẹ̀yin ẹ mọ Ìyá Diméjì, obìnrin tó ń nu àga kó tó jókòó. Ṣé ojú rẹ̀ ni ìgbẹ́ ràkúnmí máa wà? Tó bá ní ọmọ òun ò fẹ́ ilé darandaran mọ́ ńkọ́? Ọkàn mi ò balẹ̀, Alhaja, mi ò rí oorun sùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ pe Alága báyìí báyìí! Kó gbé e kúrò kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ màá tú u sílẹ̀, màá lé e dé ilé rẹ̀, kó lọ máa wo ìyàwó tirẹ̀ ní balùwẹ̀!

Ẹ jọ̀ọ́ mà, fóònù mi. Hikmah ni. Kí ló dé? Mo wà lọ́dọ̀ Alhaja. O fi fọ́tò ràkúnmí sórí status? O ti pa mí! Ìyá Diméjì ti rí i? Yéè, mo gbé! Ó ní kí ni? Fi gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, sọ ọ́ ní Yorùbá. Hẹn? O wá ní ti ta ni? Tiwa? Ọmọ mi. Ọmọ mi àtàtà. Ó dáa, ó dàbọ̀.

Alhaja, ẹ jẹ́ kí n jókòó ná. Ìyá Diméjì ní òun ò mọ̀ pé ilé ńlá ni ọmọ òun ti fẹ́ mú aya. Ó ní ní gbogbo Kàbbà ìlú wọn, òun ò tíì rí ẹbí ìyàwó tó so ràkúnmí mọ́lẹ̀ de àna. Ó ti ń pe àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wá, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n ní àwọn máa fi kún ẹrù.

Ta lẹ ń pè yẹn? Alága? Ẹ pa á! Ẹ pa fóònù náà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ó ti gbé e? Ẹ fún mi. Sàláámù aláékùm, Alága. Rárá o, kò sí wàhálà, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun. Mo kàn ní kí n wí fún yín ni, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan okùn ràkúnmí mi kí ọjọ́ Àìkú tó dé, èmi àti onítọ̀hún máa wọ ṣòkòtò kan náà. Ẹ sì fi omi ránṣẹ́ lọ́la, omi púpọ̀. A fẹ́ wẹ̀ ẹ́.